Abẹ́rẹ́ Kejì

Nọ́ọ̀sì náà ti ṣẹ́ ọrùn ìgò kékeré náà, ó ti ń fa omi inú rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, kí Ọlábísí tó rí ẹnu bi í léèrè orúkọ oògùn ọ̀hún.

"Dolosal," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn ní èdè Mina, ó ń pè é ní Dáàdá, ìyẹn ìyá, láì wojú rẹ̀. "Oògùn ìrora ni. Dáàdá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ọlábísí sún sẹ́yìn. Orúkọ tí ó ń bẹ̀rù kọ́ nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò tó ti ṣófo náà wà nínú àwo irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ orúkọ ńlá náà. Ó kàwé dé kíláàsì kẹfà lọ́dọ̀ àwọn sísítà Kátólíìkì, ó sì lè ka Faransé bí wọn kò bá kán an lójú. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Péthidine.

Orúkọ tí ó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Honoré Adégbóyè, ọkọ rẹ̀, nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Itan rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí ìrọ̀rí, pákó méjì ni wọ́n fi há a láàárín. Ó gbọ́ ìbéèrè tí ìyàwó rẹ̀ bi nọ́ọ̀sì, ó sì mọ ìdí tó fi béèrè. Ó na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Mojí," ló wí ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Má sọ."

Ọlábísí wo ẹnu ọ̀nà. Sójà tí wọ́n rán wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Honoré jókòó síbẹ̀ lórí àga onírin, ìwé pẹlẹbẹ kan wà lórí itan rẹ̀. Ajúdáǹ Dáúdà ni wọ́n ń pè é, ará Sokodé. Láti ìgbà tí Ọlábísí ti dé, kò sọ ju "bonjour" lọ.

Ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ ọ̀tún Honoré ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí ife tíì nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Nígbà tó yá, kò lè di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ sì ni. Ó ti fi ọdún méjìlélógún wa ọkọ̀ ìjọba, mẹ́fà tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ Kòmáńdàn sójà kan tí kì í béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò ní rí dókítà kankan ní Lomé, kí Kòmáńdàn má baà gbọ́. Kútọnu ni wọ́n lọ, lọ́dọ̀ dókítà àgbàlagbà kan tó ń sọ Nàgó. Òun ló sọ fún wọn pé Pákínsìn ni wọ́n ń pe àìsàn náà, pé kì í lọ, ṣùgbọ́n pé oògùn lè dì í mú. Oògùn méjì ló kọ: ńlá kan tí Honoré yóò máa lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, àti funfun kékeré kan ní àràárọ̀. Láti ìgbà náà, oṣù méjì kì í kọjá kí Ọlábísí má wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Aṣọ ló ń rán ní Adewui, àdúgbò wọn ní Lomé. Ohun tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò ni pé òun lọ ra òwú. Mojí, ọmọ wọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Atakpamé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀, kò mọ̀ pàápàá.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà Kútọnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ní kí Honoré jáde ná, ó sì dá Ọlábísí dúró.

"Màmá," ló wí, "àwọn ọkùnrin máa ń gbàgbé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí. Abẹ́rẹ́ ìrora kan wà tí wọ́n ń pè ní pẹ́tídìnì. Òun àti oògùn funfun kékeré yìí kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara ènìyàn. Bí wọ́n bá pàdé, ara á gbóná, iṣan á le, orí á dàrú, ẹni náà sì lè kú. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó gún un ní ohunkóhun, ẹ sọ pé ó ń lò ó. Ẹ pe orúkọ abẹ́rẹ́ náà kí n gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló mú kí ó pè é. Dókítà kò sọ fún un pé orúkọ mìíràn wà tí wọ́n fi ń tà á. Lọ́nà ilé, Ọlábísí sọ ọ́ fún Honoré.

Àárọ̀ ọjọ́ yìí ni Honoré ń gbé ìyàwó Kòmáńdàn lọ sí Baguida, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé fún un. Ọkọ̀ náà yà kúrò lójú títì etí òkun, ó sì forí sọ igi àgbọn. Apá obìnrin náà kán, gíláàsì sì ya ojú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé ẹni tó ń wà á jẹ́ alárùn tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó sì fi pa mọ́ fún ọdún méjì, ta ni yóò tún máa béèrè bóyá ọ̀nà ló burú?

Ọlábísí kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé òun. Raphaël, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wọn, sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn sójà níbi tí wọ́n ti ń mu bíà. Oṣù kẹrin rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà bárékè. Wọ́n máa ń gba oúnjẹ náà. Wọn kò tíì sọ fún un bóyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé ọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì ti so rọ́bà mọ́ apá Honoré.

"Ẹ má tíì gún un," ni Ọlábísí wí. "Ara rẹ̀ kì í gba abẹ́rẹ́ yìí."

Nọ́ọ̀sì dúró. Cécile ni orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ funfun rẹ̀; kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò tíì jókòó láti òwúrọ̀.

"Kì í gbà á bíi báwo?"

"Wọ́n gún un nígbà kan rí. Gbogbo ara rẹ̀ ló wú."

"Níbo ni wọ́n ti gún un?"

"Ní Atakpamé."

"Lọ́dún wo?"

Ọlábísí dárúkọ ọdún tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Cécile wò ó díẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ lélẹ̀, ó sì mú ìwé tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ìka tẹ ibì kan.

"Dáàdá, wọ́n ti fún un ní ìdajì ìgò oògùn yìí kan náà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́wàá ti lù báyìí. Ibo ló ti wú?"

Ohun tí Ọlábísí ń sá fún ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Nígbà yẹn ló wá wo ọkọ rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà tó ti dé, ó ti rí i tó ń làágùn, ó sì rò pé ooru àti ìrora ló fà á. Àmọ́ òógùn náà ti rin ìrọ̀rí gbindin. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bí ti ẹni tí òtútù ń mú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tí kò kán, ń ta fìn-ín fìn-ín lábẹ́ aṣọ, ó dúró, ó tún ta. Ọlábísí mọ gbígbọ̀n àìsàn ọkọ rẹ̀ bí ẹni mọ ìró ìgbésẹ̀ ẹni. Gbígbọ̀n yìí kì í ṣe òun.

"Ẹ wo bó ṣe ń ṣe," ló wí fún Cécile.

"Ìrora ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fún un sí i. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi, àwọn mẹ́rìnlá ló ń dúró dè mí."

Ó tún gbé abẹ́rẹ́ náà.

"Ìyá Mojí," ni Honoré wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń lọ́. "Mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀wọ̀n ni. Jẹ́ kí ó... ta ló ṣílẹ̀kùn yẹn? Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

Kò sí ẹni tó dúró níbi tó ń tọ́ka sí. Ògiri lásán ni.

Ọlábísí fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ibi tí rọ́bà wà ní apá ọkọ rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti lè ṣe tó.

"Ó ní Pákínsìn. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó lò ó láàárọ̀ yìí, èmi ni mo fún un."

"Kí lẹ wí? N kò gbọ́."

Ó di dandan kí ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, àga onírin dún.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń rí nọ́ọ̀sì tó ń sáré nílé ìwòsàn yẹn. Cécile ju abẹ́rẹ́ náà sínú àwo, ó sì sáré.

Dókítà tó bá a padà wá jẹ́ ọ̀dọ́, Dókítà Barthélemy, aṣọ rẹ̀ kò ní bọ́tìnnì méjì nísàlẹ̀. Ó gbé ìpéǹpéjú Honoré sókè, ó fi iná wò ó, ó tẹ orúnkún òsì rẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ta bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o. Ó ní kí wọ́n wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n hàn án, kò sọ iye rẹ̀ síta.

"Oògùn wo ló ń lò, Màdáàmù?" Faransé ló sọ, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọlábísí tú etí ìró rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un nípa ìjàǹbá náà, ohun àkọ́kọ́ tó mú nílé ni oògùn ọ̀sán Honoré, ó dì í sétí aṣọ, ó sì mú páálí funfun kékeré náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó pinnu ni pé òun yóò fi í sí i lẹ́nu nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wò. Báyìí, ó tú wọn sí àtẹ́lẹwọ́ dókítà níwájú gbogbo ènìyàn.

Dókítà ka ẹ̀yìn páálí náà.

"Ìgbà wo ló lo èyí gbẹ̀yìn?"

"Aago mẹ́fà àárọ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ yìí kò dára fún un?"

"Dókítà tó kọ ọ́ ní Kútọnu."

"Ẹ̀yin sì dúró di ìsinsìnyí?"

Dókítà wo ẹnu ọ̀nà, ó rí aṣọ sójà, kò sì tún béèrè ìyẹn mọ́. Ó kọjú sí Cécile, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá: kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, kí wọ́n fún un ní oògùn tí yóò dẹ iṣan. Wọn kò gbọdọ̀ gún un ní Dolosal mọ́, ì báà ṣe ẹ̀kán kan. Bó bá bì, wọn kò gbọdọ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ èébì tí wọ́n máa ń fún gbogbo ènìyàn, nítorí yóò dá kún àìsàn ọwọ́ rẹ̀. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sórí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe sí itan náà lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n dá a dúró.

"Ṣé yóò kú?" ni Ọlábísí béèrè.

"Ìdajì ìgò ni wọ́n fún un," ni dókítà wí. "Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kejì ti wọlé, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún yín. Ẹ jókòó tì í. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, ẹ pè mí. Bó bá dákẹ́ jù, ẹ pè mí."

Ó jókòó tì í. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá títí di ọ̀sán gangan, Honoré kò mọ̀ ọ́n. Ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú ní èdè Ifẹ̀ ti ilé wọn ní Atakpamé, ó ń bá Kòmáńdàn sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àgbọ̀n rẹ̀ le débi pé omi kò lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ọlábísí ń rẹ aṣọ sínú omi, ó ń fún un, ó ń tẹ́ ẹ sí i láyà. Bó bá fi máa tún un rẹ, aṣọ náà á ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá wọ inú wọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwo irin lọ́wọ́ ló ń dìde dúró láàárín ẹni náà àti bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Cécile ní kí ó jókòó. Ọlábísí kò jókòó. Ó ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n fi bírò pupa kọ. Ọkùnrin náà kà á sókè, inú ń bí i díẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ọlábísí wá jókòó.

Aago méjì lù kí ẹsẹ̀ òsì náà tó dẹ́kun títa. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ara Honoré ti rọ̀, ó sì béèrè omi, ó pe Ọlábísí lórúkọ. Bí orí rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ ni ìrora itan náà ń padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Dókítà Barthélemy dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìíràn, Ọlábísí sì dìde.

"Kí lèyí?"

"Mọ́fíìnì," ni dókítà wí. Kò bínú sí ìbéèrè náà. Ó fi ìgò hàn án kí ó lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Òun kì í bá oògùn yín jà bíi ti àkọ́kọ́. Ìyẹn kò ní kí n fi ojú kékeré wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni n ó fún un, n ó sì dúró níhìn-ín kí n rí bó ṣe ń mí. Oògùn ńlá tí ẹ dì sétí aṣọ yẹn nìyí, ẹ fún un báyìí. Kò yẹ kó pàdánù rẹ̀. Funfun kékeré náà, ẹ jẹ́ kó sinmi títí tí n ó fi bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀."

Ó fi sí i díẹ̀. Wọ́n dúró. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ojú Ọlábísí sì wà ní àyà ọkọ rẹ̀, ó ń kà á bó ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Dókítà tún fi díẹ̀ sí i. Ojú Honoré tú ká, ó sùn, oorun gidi sì ni.

Nígbà náà ni Ọlábísí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajúdáǹ Dáúdà dìde, ó fún un ní àga rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ìyá," ló wí. Yorùbá ló sọ.

Ọlábísí kò jókòó.

"Ní Sokodé, ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ obìnrin Yorùbá kan ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà," ni sójà náà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Mo gbọ́ ọ nígbà tó ní kí ẹ má sọ. Mo gbọ́ nígbà tó ní ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ̀yin náà sì sọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?" ni Ọlábísí béèrè.

Dáúdà ṣí ìwé náà, ó yí i sí i. Ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, àti orúkọ Honoré.

"Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni wọ́n rán mi wá gbà. Wọn kò rán mi sí ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín jẹ, ìyá. Wọ́ọ̀dù gbọ́. Kòmáńdàn yóò béèrè lọ́wọ́ dókítà, dókítà yóò sì sọ. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀, mo ti rí i kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ní kó máa lọ ilé. Ẹni tí wọ́n bá hú u jáde lẹ́nu rẹ̀..." Kò parí rẹ̀. "N kò ṣèlérí fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Lọ́la ni n ó padà wá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Honoré jí, ojú rẹ̀ funfun, ó rẹ̀ ẹ́, àmọ́ òun gan-an ni. Ọlábísí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kankan pa mọ́: irọ́ tó kọ́kọ́ pa, ọ̀rọ̀ tó tún sọ lẹ́ẹ̀kejì, àti ohun tí sójà wí. Honoré gbọ́ ọ tán.

"Mo ní kí o má sọ," ló wí.

"Ẹ ní kí n má sọ."

"Ǹjẹ́ o mọ̀ pé o lè ti pa iṣẹ́ mi?"

"Mo mọ̀, Bàbá Mojí. Ẹ̀yin ni n kò fẹ́ kí wọ́n pa."

Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, kò jẹ ẹ́. Ìyàwó Kòmáńdàn, gẹ́gẹ́ bí Cécile ti wí nígbà tó wá wo omi tí wọ́n fà sí i lára, ti jókòó dìde, wọ́n sì ti rán ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí Kòmáńdàn ń rò.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gbọ́ bàtà Dáúdà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlábísí dìde láti jáde, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Honoré yíjú padà.

"Má lọ. Gbé mi sókè díẹ̀."

Ó ki apá bọ abẹ́ èjìká rẹ̀, ó gbé e. Dáúdà fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó sì ṣí bírò. Honoré gbé ọwọ́ ọ̀tún jáde kúrò lábẹ́ aṣọ, ó gbé e lé orí itan tí kò kán níbi tí ojú gbogbo wọn ti lè rí i. Ó ń gbọ̀n.

"Mo ti ní àìsàn yìí láti nǹkan bí ọdún méjì," ló wí. "Kọ ìyẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo ní kí ọwọ́ mi yí ọkọ̀. Ó gbọ́. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni."

Dáúdà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọlábísí kò yọ apá rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, nítorí pé kò lè dá jókòó fúnra rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ṣì pọ̀.